Igbó Nínú Òfin Amẹ́ríkà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yí Ìsọ̀rí Oògùn Padà

Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá ti jáde pé ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ yí ìsọ̀rí igbó padà, ohun tí etí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ ni pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, kí oníkálukú máa fa tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 nígbà tí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ wọn gbé àbá náà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu àṣẹ pé kí wọ́n yára parí iṣẹ́ ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kí wọ́n yí ìsọ̀rí oògùn padà yàtọ̀ pátápátá sí kí wọ́n tú u sílẹ̀, ọmọ Yorùbá tó bá sì ń gbé Amẹ́ríkà tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lè máa fi ìwé ìgbélùú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ láìmọ̀. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Òfin tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ ni Controlled Substances Act, tí Ààrẹ Richard Nixon buwọ́ lù ní oṣù Kẹwàá ọdún 1970. Ó pín àwọn oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ sí ìsọ̀rí márùn-ún. Ìsọ̀rí kìíní ló le jù. Oògùn tó bá wà níbẹ̀, ohun mẹ́ta ni òfin ti sọ nípa rẹ̀: pé ó rọrùn púpọ̀ láti ṣì lò, pé kò sí iṣẹ́ ìwòsàn kan tí àwọn dókítà ilẹ̀ náà gbà pé ó ń ṣe, àti pé kódà bí dókítà bá dúró ti ẹni tó ń lò ó, ewu rẹ̀ kò ṣeé gbà. Heroin wà níbẹ̀, LSD wà níbẹ̀, igbó náà wà níbẹ̀. Cocaine ńkọ́? Ìsọ̀rí kejì ló wà, nítorí àwọn dókítà ṣì ń fi í pa ìrora nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ ní imú àti ọ̀fun. Fentanyl tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ rẹpẹtẹ, ìsọ̀rí kejì náà ni. Ketamine wà ní ìkẹta, Valium ní ìkẹrin, oògùn ikọ́ tí codeine díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní ìkarùn-ún. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àtòjọ yìí á rí i pé kì í ṣe bí oògùn ṣe ń pani tó nìkan ni wọ́n fi tò ó. Ìbéèrè tó ya ìsọ̀rí kìíní sọ́tọ̀ ni pé: ǹjẹ́ oògùn yìí ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ dókítà? Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ìjà igbó dá lé láti ọdún 1970.

Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ní àwọn máa fi igbó sí ìsọ̀rí kìíní. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1970, Roger Egeberg, dókítà tó wà lára àwọn ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ ètò ìlera, kọ lẹ́tà sí ilé aṣòfin pé ìmọ̀ nípa igbó kò tíì kún tó, nítorí náà kí wọ́n fi í síbẹ̀ ná, ó kéré tán títí ìwádìí tó ń lọ lọ́wọ́ yóò fi parí. Òfin yẹn kan náà ló dá ìgbìmọ̀ olùwádìí kan sílẹ̀. Nixon fúnra rẹ̀ ló fi Raymond Shafer, gómìnà Pennsylvania tẹ́lẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ṣe alága. Ní oṣù Kẹta ọdún 1972, Shafer gbé èsì dé: igbó léwu tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí wọ́n máa sọ ènìyàn di ọ̀daràn nítorí èyí tó fi pamọ́ sílé láti fa. Nixon kò gbà. Ìgbà díẹ̀ ọ̀hún ló wá di ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Báwo wá ni oògùn ṣe ń kúrò ní ìsọ̀rí kan bọ́ sí òmíràn? Ọ̀nà méjì ló wà. Ilé aṣòfin àpapọ̀ lè ṣe òfin tuntun kí wọ́n sì fi kálámù gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà kejì gba ọwọ́ ìjọba kọjá, ọ̀nà jíjìn sì ni. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè, ìjọba fúnra rẹ̀ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ìwé bá ti wọlé, àjọ DEA tó ń gbógun ti oògùn olóró yóò taari rẹ̀ sí iléeṣẹ́ ètò ìlera. Àwọn onímọ̀ FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn wò tó sì ń fọwọ́ sí i, ni yóò jókòó tì í, wọn yóò sì fi ohun mẹ́jọ tí òfin kà sílẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò, ohun tí sáyẹ́ǹsì mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ nínú ara, ewu tó wà nínú rẹ̀ fún ìlú, bó ṣe ń di bárakú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọ̀rọ̀ ìṣègùn àti sáyẹ́ǹsì, ohun tí iléeṣẹ́ ètò ìlera bá sọ ló de DEA lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tẹ àbá jáde nínú ìwé òfin ìjọba tí wọ́n ń pè ní Federal Register, ará ìlú yóò sọ tẹnu wọn, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè béèrè ìgbẹ́jọ́ níwájú adájọ́ tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àjọ náà. Adájọ́ yìí kì í dájọ́ tán, ìmọ̀ràn ló ń gbà wọ́n. Ọ̀gá DEA ló ni òpin ọ̀rọ̀, kọ́ọ̀tù ńlá nìkan ló sì lè yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Ẹgbẹ́ NORML tó ń jà fún àwọn tó ń lo igbó tọ ọ̀nà yìí ní ọdún 1972. DEA fi ìwé wọn ṣeré, kọ́ọ̀tù dá a padà léraléra pé kí wọ́n gbọ́ ọ, ìgbẹ́jọ́ gan-an kò sì wáyé títí di àwọn ọdún 1980. Adájọ́ Francis Young gbọ́ tọ̀tún tòsì, ó gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà àti àwọn alárùn jẹjẹrẹ tí igbó ń dá èébì wọn dúró, ó sì kọ̀wé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1988 pé kí wọ́n gbé igbó lọ sí ìsọ̀rí kejì. Ọ̀gá DEA nígbà náà, John Lawn, kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1989. Kọ́ọ̀tù ńlá ní Washington kín DEA lẹ́yìn ní ọdún 1994. Ọdún 22 gbáko, èsì sì ni rárá.

Wọ́n tún sọ rárá ní ọdún 2016. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìyẹn ọdún méje péré lẹ́yìn rẹ̀, iléeṣẹ́ ètò ìlera kan náà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí igbó lọ sí ìsọ̀rí kẹta. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ewé náà kọ́ ló yí padà. Ìbéèrè ni wọ́n yí. Láti ọdún 1992 ni DEA ti ń fi òṣùwọ̀n kan wọn ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ìwòsàn: kí gbogbo èròjà inú oògùn di mímọ̀, kí ìwádìí àṣeyanjú lára aláìsàn wà, kí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gbà á, kí ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Òṣùwọ̀n yìí bá oògùn oníhóró tí iléeṣẹ́ ńlá ṣe mu, ṣùgbọ́n ewé tí èròjà inú rẹ̀ ń yàtọ̀ láti oko kan sí èkejì, níbo ni yóò ti yege? Ní ọdún 2023, wọ́n béèrè ohun mìíràn: ǹjẹ́ àwọn dókítà tó ní ìwé àṣẹ ń lò ó káàkiri, ṣé ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé sì wà fún àìsàn kan, ó kéré tán? Ìdáhùn wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí California ti gba igbó láàyè fún ìwòsàn ní ọdún 1996, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ti tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ náà rí i pé àwọn oníṣègùn tó lé ní 30,000 ló ní àṣẹ láti júwe igbó fún aláìsàn, àwọn aláìsàn tó forúkọ sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ẹ̀rí wà lórí ìrora, lórí èébì tí oògùn jẹjẹrẹ ń fà, àti lórí àìlèjẹun tó bá àìsàn rìn. Lójú tèmi, ibi tí ìpinnu gidi ti wáyé nìyí, inú yàrá tí wọ́n ti yan ìbéèrè.

Ààrẹ Joe Biden ló ta ọ̀rọ̀ náà jí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ó dárí ji àwọn tí ìjọba àpapọ̀ dá lẹ́bi nítorí pé wọ́n kàn ní igbó lọ́wọ́, ó sì ní kí wọ́n tún ìsọ̀rí rẹ̀ wò. Nígbà tí àbá jáde ní ọdún 2024, èsì ará ìlú lé ní 40,000. Ìgbẹ́jọ́ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ kí igbó kúrò nípò rẹ̀ fẹ̀sùn kan DEA pé àjọ náà ń bá àwọn alátakò dòwò pọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, Adájọ́ John Mulrooney sì dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí àṣẹ Trump fi dé. Nígbà tí ọdún 2025 fi parí, igbó ṣì wà ní ìsọ̀rí kìíní.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ara igbó kúrò níbẹ̀, gbòǹgbò nìkan ni wọn kò tíì fà tu. Èròjà tó ń yí ẹni tó fa igbó lórí ni THC. Ní ọdún 1985, FDA fọwọ́ sí oògùn kan, Marinol, tó jẹ́ THC tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí, tí wọ́n pò mọ́ òróró sẹ́sámì, tí wọ́n sì rọ sínú kóró róbótó. Wọ́n fi í sí ìsọ̀rí kejì, wọ́n tún gbé e lọ sí ìkẹta ní ọdún 1999. THC inú kóró yìí ni THC inú ewé. Èyí inú kóró wà ní ìkẹta, èyí inú ewé ṣì wà ní ìkíní pẹ̀lú heroin títí ọdún 2025 fi parí. Ní ọdún 2018, FDA tún fọwọ́ sí Epidiolex, oògùn olómi tí wọ́n yọ jáde láti ara igbó gan-an fún àwọn ọmọdé tí wárápá líle ń bá jà. Ìsọ̀rí karùn-ún ni wọ́n fi í sí, nígbà tó di 2020, wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin náà pátápátá. Ní ìparí ọdún 2018 kan náà, ilé aṣòfin fi òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ tú irú igbó tí THC rẹ̀ kò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ lè máa gbìn ín fún okùn àti òróró.

Kí ló dé tí Amẹ́ríkà kò kàn yọ igbó kúrò nínú àtòjọ pátápátá? Ìdí kan ni àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1961, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí. Àdéhùn yẹn ní àtòjọ tirẹ̀. Igbó wà nínú méjì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: ti àwọn oògùn tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìṣọ́, àti ti àwọn tó burú jù tí ìwúlò ìwòsàn wọn kò tó nǹkan. Àjọ ìlera àgbáyé dábàá ní ọdún 2019 pé kí wọ́n yọ ọ́ nínú èkejì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2020, orílẹ̀-èdè 53 dìbò ní Vienna: 27 ní bẹ́ẹ̀ ni, 25 ní rárá, Ukraine kò dá sí i. Ìbò méjì péré ló là á. Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó gbà. Nàìjíríà kọ̀. Togo kọ̀, Brazil kọ̀, Cuba kọ̀.

Kò yà mí lẹ́nu pé Nàìjíríà kọ̀. Òfin igbó wa ti ọdún 1966, èyí tí àwọn ológun ṣe, wà lára èyí tó le jù láyé nígbà náà, ikú sì wà nínú ìyà tó là kalẹ̀ fún ẹni tó bá gbìn ín. Ikú ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró nílẹ̀ wa, tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1989 ṣì fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tó bá gbin ohun tí wọ́n fi máa ń ṣe oògùn olóró. Síbẹ̀, ìwádìí tí ìjọba ṣe pẹ̀lú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 10.6 ọmọ Nàìjíríà ló lo igbó láàárín ọdún kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Rotimi Akeredolu, gómìnà Ondo nígbà náà, bá ọ̀gá NDLEA ìgbà yẹn lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún ìwòsàn, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àwọn igbó kìjikìji ìpínlẹ̀ Ondo wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín jù nílẹ̀ wa. Ọ̀gá tó dé lẹ́yìn, Buba Marwa, kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Mi ò sọ pé ọ̀kan nínú wọn jàre. Ohun tó ń dùn mí ni pé ariwo là ń pa lórí ọ̀rọ̀ náà níbí. Kò sí ibi tí àwọn dókítà wa ti jókòó níwájú adájọ́, tí wọ́n kó ẹ̀rí sílẹ̀, tí ìlú sì gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Amẹ́ríkà. Bí igbó bá dé ìsọ̀rí kẹta, ta ló máa jàǹfààní? Àwọn oníṣòwò igbó ni yóò kọ́kọ́ jó. Ní ọdún 1981, oníṣòwò oògùn olóró kan ní Minneapolis gbé owó ìwọ̀n kékeré tó fi ń wọn ọjà, owó fóònù, owó ọkọ̀ àti ìdá kan owó ilé rẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù owó orí, ó ní ìnáwó òwò ni, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kọ́ọ̀tù gbà fún un! Inú bí àwọn aṣòfin, ní ọdún 1982 wọ́n ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní 280E: ẹni tó bá ń ta oògùn ìsọ̀rí kìíní tàbí ìkejì kò gbọ́dọ̀ yọ ìnáwó kankan, àyàfi iye tó fi rajà. Lónìí, òfin yìí ti wá dé bá àwọn tó gbàwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Ká sọ pé ilé ìtajà kan ní Colorado ta ọjà mílíọ̀nù kan dọ́là. Ó fi 600,000 rajà, ó fi 300,000 san owó ilé, owó oṣù òṣìṣẹ́, iná àti owó ẹ̀ṣọ́. Èrè rẹ̀ jẹ́ 100,000. Bó bá jẹ́ bàtà ló ń tà, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún owó yìí, ìyẹn 21,000, ni ìjọba àpapọ̀ yóò gbà. Ṣùgbọ́n igbó ló ń tà, orí 400,000 ni wọ́n máa ṣírò tirẹ̀: 84,000. Dọ́là 16,000 ló kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún kan. Ní ìsọ̀rí kẹta, 280E kò ní í kàn án mọ́. Nítorí náà, bí o bá rí àwọn tó ń náwó sí ọ̀rọ̀ yìí ní Washington, mọ̀ pé kì í ṣe nítorí aláìsàn nìkan.

Àwọn olùwádìí náà yóò mí díẹ̀. Láti ọdún 1968 títí di 2021, oko kan ṣoṣo tó jẹ́ ti Yunifásítì Mississippi ni àwọn tó fẹ́ fi igbó ṣèwádìí ti ń rí i gbà lọ́nà tó bófin mu, ìwé àṣẹ ìsọ̀rí kìíní sì máa ń fi ọ̀pọ̀ oṣù falẹ̀.

Ohun tí kò ní í yí padà ló pọ̀ jù. Gbígbé igbó lọ sí ìsọ̀rí kẹta dà bí gbígbé ẹlẹ́wọ̀n láti yàrá kan sí òmíràn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan náà. Oògùn ìsọ̀rí kẹta ní láti gba ìfọwọ́sí FDA, kí dókítà kọ ọ́, kí apòògùn sì tà á. Igbó tí wọ́n ń tà ní ìpínlẹ̀ 24 tó gbà á fún àgbàlagbà kò sí nínú ìyẹn, nítorí náà yóò ṣì máa lòdì sí òfin ìjọba àpapọ̀. Ìyà rẹ̀ pàápàá, orúkọ igbó ni wọ́n kọ sínú òfin pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀: ẹni tí wọ́n bá ká 1,000 kílò mọ́ lọ́wọ́ láti tà, ọdún mẹ́wàá ló kéré jù, yálà ìsọ̀rí kìíní ni o tàbí ìkẹta.

Èyí tó kan àwa ọmọ Yorùbá jù ni òfin ìwọ̀lú. Òfin yẹn kò béèrè ìsọ̀rí wo. Oògùn tó bá ti wà nínú ọ̀kan nínú márààrún ló ń kà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, àjọ tó ń bójú tó ìwé ọmọ onílùú kéde pé ẹni tó bá lo igbó tàbí tó ṣiṣẹ́ nílé ìtajà rẹ̀ lè pàdánù àǹfààní láti di ọmọ Amẹ́ríkà, kódà bí òfin ìpínlẹ̀ tó ń gbé bá gbà á. Kò dìgbà tí kọ́ọ̀tù bá dá a lẹ́bi; bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó tó láti kó bá a. Àyè díẹ̀ wà fún ẹni tí wọ́n ká gíráàmù 30 tàbí ohun tó dín mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìlò ara rẹ̀, pé wọn kò ní í torí ìyẹn nìkan lé e kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n bó bá wá sílé wá ṣọdún, kò sí ìdánilójú pé wọ́n á jẹ́ kó wọlé padà. Nítorí náà, ìwọ tí gíríìn káàdì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, bí wọ́n bá ní igbó ti dé ìsọ̀rí kẹta, má fọwọ́ kàn án, má sì gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tà á. Bí o bá sì ti lò ó rí, bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kí o tó kọ fọ́ọ̀mù ìjẹ́ọmọ-ìlú, kí o sì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó.